Bí Mo Ṣe Di Ìjì Láì Gun Kẹ̀kẹ́

Ẹ jókòó dáadáa, ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, kí ẹ sì gbé fóònù yín sílẹ̀ díẹ̀. Kò ní sá lọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo lọ kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi nílé rẹ̀ tuntun. Ó mú mi wọ yàrá kan, ó fi ẹ̀rọ kan hàn mí tí ènìyàn ń gùn tí ó sì ń sáré lórí rẹ̀. Ó gùn ún, ó sáré títí òógùn fi bò ó. Mo dúró, mo ń wò ó. Mo ní, "Níbo lò ń lọ?" Ó ní, "Mi ò lọ síbì kankan, Bàbá. Mo ń fi í tọ́jú ara ni." Mo tún wò ó. Lóòótọ́, kò lọ síbì kankan. Ògiri ló kọjú sí. Kò rẹ́rìn-ín, kò kí ẹnikẹ́ni, kò sì sí ẹni tó bú u. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Nígbà tiwa, eré ìdárayá tí kò bá ti ní èébú nínú, a kì í kà á sí.

Ẹ ò bá Ìjẹ̀bú-Òde ìgbà yẹn. Mo ń sọ ti nǹkan bí 1984, 1985, kí ọ̀kadà tó gba ìgboro lọ́wọ́ wa. Kẹ̀kẹ́ ológeere ló ni òwúrọ̀. Bí ẹ bá sùn sórí bẹ́ẹ̀dì yín, ẹ ó máa gbọ́ agogo kẹ̀kẹ́ lójú ọ̀nà, ẹ ó sì mọ ẹni tó ń kọjá láì ṣí fèrèsé. Ti olùkọ́ ṣọ́ọ̀ṣì máa ń dún lẹ́ẹ̀mejì, á dákẹ́, á tún dún lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni tó ń wúkọ́. Ti ẹlẹ́mu kò ní agogo rárá; kèrègbè tó so mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ló máa ń lu ara wọn. Àwọn ènìyàn nígbà náà sì ní ohun tí wọ́n ń ṣe fún ìdùnnú ara wọn, tí ẹnikẹ́ni ò rán wọn níṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá ilé ìwé kan wà ládùúgbò wa tó gbin òdòdó yí ilé ká, ó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan lórúkọ, ó sì ń kí wọn láràárọ̀. Akọ̀wé kóòtù kan ń sin ẹyẹlé. A ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó gbó kíákíá nínú wọn.

Èmi ni mi ò ní nǹkan kan tí mo ń ṣe bẹ́ẹ̀. Aago ni mo ń tún ṣe, nínú ṣọ́ọ̀bù kan tí kò fẹ̀ ju àpótí aṣọ lọ. Láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, màá tẹ̀ba, awò kékeré á há mi lójú ọ̀tún, màá máa wá ìdè aago tó kéré ju ojú eèrà lọ. Mo jẹ́ ẹni ogójì ọdún ó lé díẹ̀, ikùn mi sì ti ń dé ibi tí mo ń lọ ṣáájú mi. Lọ́jọ́ kan, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ tí aago kan ṣoṣo tó wà níwájú mi fi di méjì. Ìyàwó mi, Ìyá Bísí, fà mí lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì fi nǹkan di apá mi, ó fún afẹ́fẹ́ sí i, ó wo nọ́ńbà, ó tún un ṣe, ó tún wò ó. Ó ní, "Bàbá Bísí, ẹ̀jẹ̀ yín ń ru. Iṣẹ́ kí lẹ ń ṣe?"

"Aago ni mo ń tún ṣe."

"Yàtọ̀ sí aago ńkọ́?"

"Mo tún máa ń sùn."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ó fún mi ní oògùn, ṣùgbọ́n kí n lọ wá ohun kan tí màá máa ṣe tí inú mi á máa dùn sí, tí òógùn á sì máa jáde lára mi, kí n padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Bí mi ò bá rí nǹkan kan ṣe, ó ní kí n má wulẹ̀ padà wá bá òun, kí n máa bá ìyàwó mi sọ ibi tí mo fi ìwé ilé pamọ́ sí.

Ẹ̀rù bà mí. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín, èmi ni ẹ̀rù ń bà jù nínú gbogbo ọkùnrin tí mo mọ̀; mo máa ń bẹ̀rù ajá tí wọ́n ti so mọ́lẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tí inú mi á máa dùn sí. Mo kọ́kọ́ lọ jókòó ti ọpọ́n ayò. Wọ́n jẹ mí lẹ́ẹ̀mẹ́jọ lọ́jọ́ kan, inú bí mi débi pé mo da ọpọ́n nù, orí sì tún fọ́ mi. Mo darapọ̀ mọ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́sẹ̀ kejì, ọ̀gá akọrin pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní ohùn mi dára, àmọ́ àwọn tó ń tọ́ ènìyàn sí àyè ìjókòó ló nílò mi jù.

Ibi tí mo dé nìyẹn tí a fi ṣe ìpàdé régbérégbé. Ẹ mọ̀ pé ọmọ Ìjẹ̀bú kì í dá wà. Àwọn tí wọ́n bí láàárín ọdún mẹ́ta síra wọn á di ẹgbẹ́ kan, wọ́n á gba orúkọ, wọ́n á jọ dàgbà, wọ́n á jọ máa bú ara wọn títí ọjọ́ ikú. Mi ò ní dárúkọ tiwa, nítorí àwọn tó kù láyé nínú wa ṣì lójútì. Alága wa, tí gbogbo wa ń pè ní Tíṣà nítorí iṣẹ́ rẹ̀, dìde, ó ní ikùn ẹgbẹ́ wa ti pọ̀ jù. Ó ní ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, a ó máa gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Odogbolu, a ó sinmi, a ó sì padà. Ó ní, "Ta ni kò mọ kẹ̀kẹ́ gùn láàárín yín?"

Ogún ni wá níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò nawọ́. Èmi fi tèmi sábẹ́ itan, mo jókòó lé e kí ó má baà ṣe àṣìṣe.

Mi ò mọ kẹ̀kẹ́ gùn. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méje, bàbá mi gbé mi sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó fi adìẹ méjì há mi lábíyá, ó ní kí n ya ẹsẹ̀ mi. Mo ya ẹsẹ̀. Adìẹ kan fi ẹnu sọ mí, mo pa ẹsẹ̀ pọ̀, gìgísẹ̀ mi sì wọ inú sípóòkù. Èmi, bàbá mi, adìẹ méjèèjì, gbogbo wa la jọ dé ilẹ̀. Àpá rẹ̀ rèé. Láti ọjọ́ náà, bí kẹ̀kẹ́ bá ń bọ̀ lọ́tùn-ún, èmi á bọ́ sí òsì.

Kí ló dé tí mi ò fi sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹgbẹ́? Nítorí pé a ní òfin kan. Ẹni tó bá parọ́ fún ẹgbẹ́, tàbí tó dójú tì wá níta, wọ́n á ní kí ó lọ bá àwọn àbúrò wa ṣe ẹgbẹ́. Wọ́n ti ṣe é fún ẹnì kan rí. Ọkùnrin náà, pẹ̀lú irun orí rẹ̀ tó ti funfun, ló ń gbé àga fún àwọn ọmọdé tó ń pè é ní "ìwọ". Ẹ wò ó, ojú sì ti tì mí jù láti jẹ́ ẹni kan ṣoṣo tó nawọ́.

Kẹ̀kẹ́ ẹ̀gbọ́n mi wà ní kọ̀rọ̀ ilé, mo nù ún, mo fún afẹ́fẹ́ sí táyà rẹ̀. Ní Sátidé àkọ́kọ́, mo jí kí ilẹ̀ tó mọ́. Mo wọ ṣòkòtò péńpé, mo wọ fìlà, mo ti kẹ̀kẹ́ jáde. Ìyá Bísí dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ ò ní gùn ún ni?" Mo ní, "Mo fẹ́ kó kọ́kọ́ gbóná." Ó padà wọlé. Mo sì ń ti kẹ̀kẹ́ lọ, mo tì í jáde ní ìgboro, mo tì í gba ojú títì, mo tì í dé Odogbolu. Nígbà tí àwọn yòókù fi máa dé, mo ti sinmi tán lábẹ́ igi máńgòrò, òógùn mi ti gbẹ, kẹ̀kẹ́ fẹ̀yìn ti igi bí ẹni tó sáré.

Tíṣà sọ̀ kalẹ̀, ó ń mí gúlegúle. "Ìgbà wo lo dé?"

"Ó pẹ́ díẹ̀."

"Kò sí ẹni tó rí ọ lọ́nà!"

Làsísì ẹlẹ́ran, tó sanra jù nínú wa, sọ ara rẹ̀ sínú koríko, ó ní, "Báwo lẹ ṣe fẹ́ rí i? Ìjì ni!" Bí mo ṣe di Ìjì nìyẹn. Nígbà tí wọ́n fẹ́ padà, mo ní mo ní oníbàárà tó fẹ́ kí n wo aago rẹ̀, kí wọ́n máa lọ. Nígbà tí ẹ̀yìn wọn pòórá, mo dìde, mo ti kẹ̀kẹ́ mi padà sílé.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyẹn fún oṣù méjì ààbọ̀. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín jù, nítorí ohun kan ń ṣẹlẹ̀ sí mi tí mi ò pè. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ràn ọjọ́ Sátidé. Ìrì á wà lórí koríko, àkùkọ á máa dá ara wọn lóhùn láti abúlé sí abúlé. Mo wá mọ ẹyẹ tó ń kọrin lórí igi wo. Ẹni tó jẹ́ pé ìdè tó kéré ju ojú eèrà ló ń wò láti Mọ́ńdè, ojú mi wá ń lọ jìnnà, ó ń sinmi lórí òkè. Mo ń sùn bí ọmọ ọwọ́. Ìyá Bísí dín ìbàdí ṣòkòtò mi kù lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí mo padà sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì, ó wọn ẹ̀jẹ̀ mi, ó sì rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó ní, "Ẹ̀jẹ̀ yín ti wálẹ̀! Kí lẹ ń ṣe?" Mo ní, "Kẹ̀kẹ́ ni." Ó ní, "Ẹ máa gùn ún lọ." Mo ní, "Àmín."

Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ àṣírí mi. Ìyá àgbàlagbà kan ń yan gàrí lẹ́bàá ọ̀nà, kí ènìyàn tó dé Odogbolu. Gbogbo Sátidé ló máa ń rí mi tí mo ń ti kẹ̀kẹ́ lọ, tí mo sì ń tì í bọ̀. Níjọ́ kẹta, ó dá iṣẹ́ dúró. Ó ní, "Ẹẹ́ tì rí, ọmọ mi?" bí àwa Ìjẹ̀bú ṣe ń béèrè bí nǹkan ṣe ń lọ.

Mo ní, "Dáadáa ni, Mà."

"Kẹ̀kẹ́ yìí ṣàìsàn ni?"

"Rárá o, Mà. Ara rẹ̀ le."

"Ìwọ lo ní kẹ̀kẹ́ àbí kẹ̀kẹ́ ló ní ọ?"

Láti ọjọ́ náà, bó bá ti rí mi lókèèrè, á ti máa rẹ́rìn-ín kí n tó dé, á sì fún mi ní gàrí gbígbóná lẹ́kúnwọ́. A di ọ̀rẹ́.

Ìgbà tó wá kù díẹ̀ kí gbogbo rẹ̀ dùn tán ni Tíṣà dìde ní ìpàdé. Ó ní ọ̀kan nínú wa, Ṣẹ̀san, tó ń dáko ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, ti pe ẹgbẹ́ wá jẹun. Ìyàwó rẹ̀ máa se ìkọ́kọrẹ́, oúnjẹ ewùrà wa, ó sì máa fi ẹja sí i. Ó ní a ó wọ funfun, a ó jọ gbéra láti ìgboro, a ó tò tẹ̀lé ara wa bí àwọn olóyè, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọjá ẹni tó ṣáájú, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ dúró kí ẹni tó ṣáájú tó dúró. Làsísì ní, "Ta ló máa ṣáájú?" Gbogbo wọn kígbe lẹ́ẹ̀kan náà: "Ìjì!"

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo gbìyànjú láti ní ibà, ibà kọ̀. Mo ń wo ojú ọ̀run bóyá òjò á ba ọjọ́ náà jẹ́. Mo rò ó pé kí n tú afẹ́fẹ́ táyà dànù, ṣùgbọ́n fọkanáísà pọ̀ nígbà yẹn. Gbogbo ohun tí mo ń rí lójú mi ni ara mi, tí mo gbé àga lé orí, tí àwọn ọmọdé ń pè mí ní "ìwọ". Nígbà tó di Sátidé, mo ti kẹ̀kẹ́ dé ọ̀dọ̀ ìyá elégàrí, mo dọ̀bálẹ̀ sínú èéfín. Mo jẹ́wọ́.

Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi fi gèlè nu ojú. Ó ní ọkọ òun tó ti kú máa ń fi kẹ̀kẹ́ háyà, bí ó bá sì ti sùn lọ́sàn-án, òun á gbé ọ̀kan lọ sẹ́yìnkùlé. Ó kó ìró rẹ̀ há ìbàdí, ó gba kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ mi, ó gùn ún yí ààrò ká lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sì sọ̀ kalẹ̀. Ìyá tó tó bí mi! Ó ní, "Ó yá, gòkè."

Ọwọ́ kan ló fi di ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ mú, ó fi ọwọ́ kejì di igbá tó fi ń ro gàrí. Bí mo bá ti wolẹ̀, á fi igbá gbá mi nídìí. "Ilẹ̀ lò ń wò! Kí lo sọ nù síbẹ̀? Ibi tí ò ń lọ ni kó o wò!" Mo ṣubú lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Òkìtì èèpo ẹ̀gẹ́ kan wà ní ìparí àgbàlá rẹ̀, ó rọ̀ bí tìmùtìmù, ibẹ̀ ni mo máa ń gúnlẹ̀ sí. Ní Sátidé kejì, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn, mo wá mọ̀ pé ó ti fi mí sílẹ̀. Mo ń lọ! Ẹ̀yin ọmọ, mi ò lè ṣàpèjúwe rẹ̀. Ọkùnrin ẹni ogójì ọdún ó lé, mo pariwo bí ọmọdé tó rí ìyá rẹ̀ tọjà dé. Mo sì gúnlẹ̀ sínú èèpo ẹ̀gẹ́ pẹ̀lú ẹ̀rín.

Sátidé kẹta ló yẹ kó kọ́ mi bí a ṣe ń yà àti bí a ṣe ń dúró. Nígbà tí mo débẹ̀, wọ́n ní ọmọ rẹ̀ bímọ, ó ti lọ wẹ ọmọ. Mo dán búrẹ́kì wò fúnra mi, mo fún un mọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, mo sì fò kọjá orí ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Mo pinnu pé èmi àti búrẹ́kì ti parí. Nítorí náà, nígbà tó di ọjọ́ Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, mo mọ lílọ, mi ò mọ dídúró. Òkìtì èèpo ẹ̀gẹ́ nìkan ló ń dá mi dúró, mo sì mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò kó òkìtì kankan dè mí níbẹ̀.

A gbéra. Ogún ọkùnrin, aṣọ funfun, agogo ń dún, àwọn ìyàwó wa ń pàtẹ́wọ́. Mo wà níwájú. Mo di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú bí ẹni tó di ọmọ mú létí odò. Tíṣà ń kígbe lẹ́yìn, "Rọra, Ìjì! Àgbàlagbà là ń kó lẹ́yìn o!" Mi ò lè dáhùn, bí mo bá sọ̀rọ̀, màá ṣubú. Ọ̀nà ń lọ tààrà, mo sì ń tẹ̀lé e. Ní tòótọ́, bí kò bá jẹ́ ti ẹ̀rù, ọjọ́ tó dùn jù láyé mi ni. Afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ̀wù mi, ó wú u bí ẹni pé mo fẹ́ fò.

Nígbà tí a ń wọ Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Mo rí Ṣẹ̀san lọ́ọ̀ọ́kán, ó dúró lẹ́bàá ọ̀nà níwájú ilé rẹ̀ pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Tábìlì wà lẹ́yìn wọn, abọ́ wà lórí tábìlì, òórùn ìkọ́kọrẹ́ bọ́ sọ́nà wá pàdé mi. Ṣẹ̀san na ọwọ́ méjèèjì. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀ o!" Mo ní, "Ẹ kúulé o!" Mo sì kọjá lọ.

Tíṣà kọjá tẹ̀lé mi. Ẹni tó tẹ̀lé Tíṣà kọjá. Gbogbo wọn kọjá, ní títò, nítorí òfin ni òfin. Mo gbọ́ ohùn Làsísì lẹ́yìn pátápátá, ó ń ké bí ẹran tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́ pa: "Oúnjẹ nìyẹn! Oúnjẹ nìyẹn o!" Ṣùgbọ́n òun náà kò dúró. A la ìlú já. A jáde lódì kejì. Àfìgbà tí a kan òkè kan ni ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ kẹ̀kẹ́ mi fúnra rẹ̀, ó falẹ̀, ó falẹ̀, ó ronú díẹ̀, ó sì tẹ́ mi sínú koríko bí aṣọ tí wọ́n ń sá.

Ogún kẹ̀kẹ́ dúró. Tíṣà wá dúró lé mi lórí. "Ìjì, o ti kú ni?"

"Mi ò kú."

"Kí ló dé tí a fi kọjá ilé Ṣẹ̀san?"

Irọ́ pọ̀ lẹ́nu mi. Mo lè ní mo fẹ́ kí wọ́n ṣe eré ìdárayá sí i. Ṣùgbọ́n mo wo ojú wọn yí ká, òógùn ń kán sí mi lára láti irùngbọ̀n Làsísì, irọ́ náà sì sú mi. Mo ní, "Mi ò mọ̀ ọ́n dúró."

"Kí ni?"

"Lílọ nìkan ni mo mọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ́hùn-ún ni mo sì mọ ìyẹn."

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, láti orí adìẹ dé orí ìyá elégàrí. Mo parí. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn ní, "Òfin wà o. Ó parọ́ fún ẹgbẹ́." Ọ̀kan ní, "Odogbolu! Ó ń ti kẹ̀kẹ́ lọ, ó ń tì í bọ̀?" Mo di ojú mi, mo ń dúró de àga tí wọ́n máa gbé lé mi lórí.

Tíṣà bọ́ fìlà, ó fi í fẹ́ ara rẹ̀. Ó ní, "Òfin wà lóòótọ́. Ó yẹ kí a ní kí ó lọ bá àwọn àbúrò wa, nítorí kò mọ ibi tó ń lọ, kò sì mọ ìgbà tó yẹ kó dúró. Ṣùgbọ́n àwa mọ́kàndínlógún tí a tẹ̀lé e kọjá ìkọ́kọrẹ́, tí ojú wa là, tí búrẹ́kì wa sì ń ṣiṣẹ́, ọ̀dọ̀ ta ni ká ní káwa náà lọ?"

Làsísì ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Wọ́n bú mi, wọ́n bú ara wọn, wọ́n bú Ṣẹ̀san tí kò gbé tábìlì dí ọ̀nà. Tíṣà fà mí dìde. Ó ní, "Ìjì, òùngbẹ ń gbẹ wá, ebi ń pa wá. Ìwọ lo kó wa wá. Kó wa padà."

Mo gbé kẹ̀kẹ́ mi nílẹ̀. Gbogbo wọn ń wò mí. Ọ̀nà sí oúnjẹ sọ̀ kalẹ̀ láti ibi tí a wà, èmi àti búrẹ́kì kò sì tíì bá ara wa ṣe ọ̀rẹ́. Mo di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tì í. Mo gbọ́ tí Tíṣà mí kanlẹ̀ lẹ́yìn mi, mo sì gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọjá ẹni tó ṣáájú. Ọ̀kan lẹ́yìn ọ̀kan, wọ́n sọ̀ kalẹ̀.

Bí a ṣe wọ Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn, ogún ọkùnrin nínú aṣọ funfun, tí a tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, tí a ń ti kẹ̀kẹ́ jẹ́jẹ́, tí ebi ò jẹ́ ká lè sọ̀rọ̀. Obìnrin kan tó ń sá ẹ̀gẹ́ lẹ́bàá ọ̀nà rí wa, ó sáré bọ́ gèlè, ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Háà, ẹ kú ìrọ́jú o. Ta ló kú?"

Làsísì ló dá a lóhùn láti ẹ̀yìn. Ó ní, "Kò sẹ́ni tó kú, Mà. Oúnjẹ la kọjá."